Ímeèlì tó ní kí n wá tẹ pásíwọ́ọ̀dù mi: kí la fi ń dá ayédèrú mọ̀?

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Tíṣà ni mí. Ímeèlì kan wọlé fún mi lánàá pé àpótí ímeèlì mi ti kún. Wọ́n ní kí n tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀, kí n tẹ pásíwọ́ọ̀dù mi síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ti àkáǹtì mi pa láàárín wákàtí 24. Ọmọ mi ní irọ́ ni, pé Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún régé la fi ń dá wọn mọ̀. Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ka létà náà látòkè délẹ̀, n kò rí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ní bí àmì àgádágodo bá ti wà lókè ojú-ewé náà, kò séwu. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ má sì sọ fún mi pé àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń tàn o. Ọmọ tó ń fọgbọ́n hàn mí yìí, wọ́n ti gba WhatsApp mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

*

Irọ́ ni létà yẹn, Tíṣà. Ẹ má tẹ nǹkan kan. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ìdí tó fi gbè é lẹ́sẹ̀ kò dúró. Ẹlẹgbẹ́ yín ló ṣì í pátápátá.

Ẹ kọ́kọ́ wo wákàtí 24 yẹn ná. Bó bá jẹ́ Gmail lẹ ń lò, àyè 15 GB ni Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ímeèlì, fọ́tò àti fáìlì inú Drive ló jọ ń pín in. Bí àyè náà bá kún, létà tuntun ò ní wọlé mọ́ títí ẹ óò fi pa díẹ̀ rẹ́. Wàhálà ibẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí Google fúnra wọn gbé síta ni pé ẹni tó bá kọjá àyè rẹ̀ fún ọdún 2 láìwá nǹkan ṣe sí i, wọ́n lè pa ohun tó kó síbẹ̀ rẹ́. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí fún ọdún 2 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́ láti oṣù Kejìlá 2023. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ń fún yín lọ́dún méjì, ta wá ni ẹni tó ń lé yín ní wákàtí 24? Ẹni tó mọ̀ pé bí ẹ bá sùn lé ọ̀rọ̀ náà lórí, tí ẹ jí, tí ẹ bi ẹlòmíràn, òun ò ní rí nǹkan kan gbà nìyẹn.

*

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tún gbé wá lábẹ́ ìbéèrè yìí. "Ẹ wo sípẹ́lì." "Báńkì gidi kì í kọ ìkọkúkọ." Mo ta kò ó.

Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ọmọ tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì mú ní WAEC lè ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ létà báńkì, létà náà á sì dán ju èyí tí máníjà kọ lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Ẹ ti ka ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kánsù rí? Ẹ ti ka létà tí ilé-ìwé fi ń ránṣẹ́ sí òbí nípa owó léṣìn? Àṣìṣe ń fò láti ìlà kan bọ́ sí ìkejì, ojúlówó sì ni wọ́n. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la ó fi máa mú ẹni tó ń lu jìbìtì, ìdajì àwọn ọ́fíìsì tó wà láti Ṣàgámù dé Ìpẹru ni ọlọ́pàá máa kó.

Ẹnì kan tún ní tí létà bá pe èèyàn lórúkọ, kì í ṣe ayédèrú, nítorí "Dear Customer" ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń kọ. Orúkọ yín kì í ṣe àṣírí o. Ó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ó wà lórí Facebook, ó wà nínú gbogbo ìwé tí ẹ ti kọ nọ́ńbà fóònù sí lẹ́nu ọ̀nà ìnáwó. Wọ́n tiẹ̀ lè kọ pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ síbẹ̀ láti fi dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti jí àkójọ oníbàárà wọn kó, ọjà ni wọ́n sì ń fi àkójọ náà tà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ímeèlì tòun wà níbẹ̀ lè lọ wò ó lórí ojú òpó Have I Been Pwned, tí Troy Hunt dá sílẹ̀ ní 2013. Ó gba àdírẹ́sì ímeèlì yín kó tó lè wò ó, ṣùgbọ́n kò ní béèrè pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

*

Ará Ìpẹru kan ní kí Tíṣà wo ẹni tó fi létà náà ránṣẹ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Orúkọ tó hàn gàgàrà lókè létà, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ kọ "Ọ̀gá Pátápátá Google" síbẹ̀ nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró. Orí fóònù ló burú jù, nítorí orúkọ yẹn nìkan ló ń gbé hàn. Ẹ tẹ orúkọ náà, tàbí ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àdírẹ́sì gan-an lè yọjú. Bí wọ́n bá ní báńkì ló ń kọ̀wé, tí àdírẹ́sì sì parí sí gmail.com, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ pa á rẹ́.

Bí àdírẹ́sì bá wá jọ tòótọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn ará Ìpẹru. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò bí ímeèlì ṣe máa rìn ní 1982, wọn ò fi ohunkóhun síbẹ̀ tó máa wádìí bóyá ẹni tó kọ̀wé ni ẹni tó ní òun jẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ń bu àtúnṣe lé e díẹ̀díẹ̀. Oṣù Kejì 2024 ni Gmail àti Yahoo tó wá fi dandan lé e fún àwọn tó ń fi létà ránṣẹ́ rẹpẹtẹ pé kí wọ́n fìdí àdírẹ́sì wọn múlẹ̀. Ó ti dín afarawé kù lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra orúkọ tó jọ ti báńkì máa fìdí orúkọ tirẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, létà rẹ̀ á sì wọlé wẹ́rẹ́. Ẹni tó jí ímeèlì ọmọ ilé-ìwé kan gbé ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn sì máa kọ̀wé sí yín láti orí àdírẹ́sì .edu.ng gidi. Ẹ wò ó bó ti wù kí ẹ wò ó, àdírẹ́sì yẹn ò ní àbùkù. Àwọn .edu.ng àti .gov.ng kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè rà, nítorí náà ni ọkàn èèyàn fi máa ń balẹ̀ tó bá rí i, nítorí náà náà ni olè fi ń wá a kiri.

Ó ku líǹkì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi báńkì tí kò sí láyé ṣe é, ká pè é ní Báńkì Wa, kí ojú òpó rẹ̀ jẹ́ bankiwa.ng. Ohun tó wà nínú létà wá lọ báyìí:

https://bankiwa.ng.ijerisi-akanti.com/wole

Ojú tó ń kánjú rí "bankiwa.ng", ó ti fọkàn balẹ̀. Apá òsì kọ́ la ti ń mọ onílé. Ẹ fo ìlà dágẹrẹ méjì (//) tó tẹ̀ lé https, kí ẹ wá ìlà dágẹrẹ tó kàn, kí ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ wá máa kà á padà sí ọwọ́ òsì. Ẹ máa rí "com", ẹ tún máa rí "ijerisi-akanti". Onílé nìyẹn. "bankiwa.ng" tó wà níwájú, onílé ló kàn kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ kí ẹ lè rò pé ọ̀dọ̀ báńkì lẹ wà. Bí ìparí bá jẹ́ .com.ng, ẹ ka ọ̀rọ̀ kan kún un, nítorí "com.ng" fúnra rẹ̀ kò jẹ́ tẹnikẹ́ni. Bankiwa-ng.com náà kì í ṣe bankiwa.ng. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ tẹ líǹkì náà mọ́lẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀, á gbé gbogbo àdírẹ́sì jáde láìjẹ́ pé ó ṣí i. Kí ẹ sì la ojú sílẹ̀ dáadáa: "r" àti "n" tí wọ́n fara mọ́ra máa ń jọ "m" lójú fóònù kékeré.

*

Mo ti kọ gbogbo ìyẹn tán o, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà nínú mi. N kò gbà pé bá a ṣe ń ka líǹkì ló yẹ ká kọ́ àwọn èèyàn wa ní àkọ́kọ́.

Ìyá tó ń ta obì ní Sábó, Ṣàgámù, tí fóònù rẹ̀ ti fọ́ lójú, tí ó ń ka ímeèlì láàárín oníbàárà méjì, ẹ fẹ́ kó máa wá ìlà dágẹrẹ kẹta? Àwọn ilé-iṣẹ́ gidi pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n máa ń háyà àwọn tó ń bá wọn fi létà ránṣẹ́, líǹkì inú rẹ̀ á wá gùn bí ẹni ń ka ìwé-ẹ̀rí, kò sì ní sí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà níbì kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi líǹkì dá ayédèrú mọ̀ máa ju ojúlówó nù, ó sì máa gba ayédèrú lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń gbé fóònù wá sọ́dọ̀ mi kò gùn. Ẹ má wo ẹwà létà, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ gbà dé ojú-ewé tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ líǹkì inú létà ló gbé yín débẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ọba ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ jáde. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣí Gmail tàbí ápù báńkì yín bí ẹ ti máa ń ṣí i lójoojúmọ́. Bí àpótí bá kún lóòótọ́, ẹ máa bá ìkìlọ̀ yẹn nínú ibẹ̀. Bí ẹ kò bá bá nǹkan kan, ẹ ti mọ irú ẹni tó kọ̀wé sí yín.

Ìyá Ìbejì láti Ṣàgámù fèsì sí mi kíá pé ṣebí líǹkì náà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni. Ìyẹn nìkan ni mo yọ sílẹ̀: líǹkì tí ẹ̀yin fúnra yín ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè fún, tó wọlé ní ìṣẹ́jú yẹn. Èyí tí ẹ kò béèrè, tó kàn dédé wá ní aago mẹ́ta òru, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

*

Àmì àgádágodo: ohun tó ń sọ kò jù pé ẹnikẹ́ni ò lè yọjú wo ohun tó ń kọjá láàárín fóònù yín àti ojú-ewé náà. Kò sọ ẹni tó ni ojú-ewé náà. Ọ̀fẹ́ ni Let's Encrypt ń fún èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí tó ń gbé àmì yẹn jáde láti 2015, olè náà sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Google ti yọ ọ́ kúrò lókè Chrome, ápù wọn tí èèyàn fi ń ṣí ojú-ewé, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, torí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn kà á sí ẹ̀rí pé ojú-ewé náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ bá wa sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín.

*

"Kò sówó nínú ímeèlì mi, kí ni wọ́n fẹ́ jí?" Mo ti retí i, ó sì dé. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù Facebook, ibo ni wọ́n ń fi èyí tuntun ránṣẹ́ sí? Ti JAMB ọmọ yín ńkọ́? Ti ibi tí ẹ ti ń rajà? Ẹni tó bá wọ inú ímeèlì yín, kò nílò pásíwọ́ọ̀dù mìíràn mọ́. Á kàn máa tẹ "mo ti gbàgbé" káàkiri, á sì máa gba èsì rẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ní Ìjẹ̀bú-Òde, n kò ní dárúkọ wọn. Akọ̀wé wọn tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí irú létà tí Tíṣà rí yìí. Ẹni tó gbà á kò pariwo, kò yí nǹkan kan padà, kò fi létà kankan ránṣẹ́. Ńṣe ló jókòó tó ń kà. Ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bára wọn sọ lórí aṣọ Òjúde Ọba, ọdún tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá: àwọ̀ tí wọ́n fẹnu kò sí, iye gèlè, ẹni tó ti san, ẹni tó ń fà á. Nígbà tí Iléyá sún mọ́lé, ó wá kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní London àti Amẹ́ríkà láti inú ímeèlì akọ̀wé gan-an, pé báńkì ẹgbẹ́ níṣòro, kí wọ́n san ìyókù owó aṣọ sí àkáǹtì tuntun. Ó dárúkọ àwọ̀ aṣọ. Ó dá àpárá tí akọ̀wé máa ń dá. Ta ni kò ní san? Àwọn kan san. Ìjà tí wọ́n jà lẹ́yìn náà, lórí bóyá akọ̀wé ló kó owó jẹ tàbí kò kó o jẹ, pọ̀ ju iye owó tó lọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan ò kí ara wọn títí di òní, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ lọ síwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àṣà tí wọ́n fi mú ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe tuntun. Ẹ rántí Obinwanne Okeke, oníjìbìtì tí wọ́n tún ń pè ní Invictus Obi, tí Forbes Africa ti kà mọ́ ọ̀dọ́ tó ń ṣe dáadáa nígbà kan. Ní oṣù Kẹrin 2018, ọ̀gá tó ń mójú tó ìnáwó ní Unatrac, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Caterpillar tajà láti ìlú Ọba, rí létà tó gbé e lọ sí ojú-ewé tó jọ ibi tí wọ́n ti ń wọ Office 365, ètò Microsoft tí ímeèlì ilé-iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọ́n wọ inú ímeèlì náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n fi invóìsì irọ́ ránṣẹ́ láti inú rẹ̀ sí àwọn tó ń sanwó, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí létà tó lè tú àṣírí wọn máa yà lọ síbi tí ọ̀gá náà kò ní rí i. Owó tó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 11 dọ́là. Ní oṣù Kejì 2021 ni ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán Okeke lẹ́wọ̀n ọdún 10. Gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì kan ṣoṣo, kì í ṣe ti báńkì.

*

Ẹnì kan sọ pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fowó ṣeré, pé àwọn ará ibòmíràn ni wọ́n ń rí tàn. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, n kò ní dá sí ìyẹn lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èèyàn ńlá kan hàn yín.

Ní oṣù Kẹta 2016, létà kan wọlé sọ́dọ̀ John Podesta, alága ìpolongo ìbò Hillary Clinton tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, pé ẹnì kan ní Ukraine ti mọ pásíwọ́ọ̀dù Gmail rẹ̀, kó tètè yí i padà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ò kánjú o. Wọ́n bi ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ọkùnrin náà dá wọn lóhùn pé ojúlówó ni létà náà, ó sì fi líǹkì Google tó tọ́ gan-an sínú èsì rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n lọ. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ayédèrú lòun fẹ́ kọ, pé lẹ́tà méjì, "il", ló bọ́ lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "illegitimate". Líǹkì inú létà àkọ́kọ́ ni wọ́n wá tẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, gbogbo ayé ló ń ka ímeèlì rẹ̀ lórí WikiLeaks, ojú òpó tó ń tú àṣírí síta.

Ẹ rí i pé wọ́n béèrè. Wọ́n kàwé, wọ́n lówó, wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún wọn. Líǹkì tó dáa wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ ara wọn ṣí Google lọ́jọ́ yẹn ni, àṣìkọ ọkùnrin yẹn ì bá má já mọ́ nǹkan kan.

*

Ìyá Ìbejì tún dé. Wọ́n ní àwọn ti ṣètò rẹ̀ kó máa fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù kí èèyàn tó wọlé, nítorí náà kí olè gba pásíwọ́ọ̀dù bó bá ṣe wù ú.

Ẹ kú ọgbọ́n, Ìyá Ìbejì. Kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e. Ojú-ewé ayédèrú ayé ìsinsìnyí kì í kàn gba pásíwọ́ọ̀dù kó jókòó. Ní kété tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti gbé e lọ tẹ̀ sí ibi gidi. Ibi gidi á fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù yín, ojú-ewé ayédèrú á sì ní "ẹ tẹ kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé". Ẹ̀yin náà á tẹ̀ ẹ́, torí pé kóòdù dé lóòótọ́, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó ti wá. Wọ́n ti wọlé nìyẹn. Bí wọ́n ṣe gba WhatsApp lọ́wọ́ ọmọ Tíṣà náà ò jìnnà sí èyí: kóòdù onínọ́ńbà 6 wọlé, ẹnì kan tó ń fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní òun ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí i ni, kó bá òun dá a padà.

Ohun tó lágbára ju kóòdù lọ ni kí ẹ jẹ́ kí fóònù bá yín tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, kó sì máa bá yín kọ ọ́. Ojú èèyàn ń ṣì "m" mú, fóònù kì í ṣì í mú. Bó bá jẹ́ àmì kan péré ló yàtọ̀ nínú orúkọ ojú-ewé, kò ní gbé pásíwọ́ọ̀dù jáde. Lọ́jọ́ tí fóònù tó ti ń bá yín kọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ bá dédé kọ̀, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ wo òkè ojú-ewé. Passkey, ohun tí wọ́n ń lò dípò pásíwọ́ọ̀dù, tún dára ju èyí lọ, ìka tàbí ojú yín lẹ máa fi ṣí i, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni lè tàn yín gbà. Google gbà á, ó wà nínú ètò ààbò àkáǹtì yín.

*

Mo fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ẹ̀yin oníkáfè, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: ìwé náà.

Ẹ mọ ìwé tí mò ń sọ. Ọmọ ilé-ìwé á wá ṣe JAMB, kò ní ímeèlì, ẹ máa ṣí i fún un, ẹ máa fi orúkọ rẹ̀ àti 123 ṣe pásíwọ́ọ̀dù, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì. Ìyá ọlọ́jà náà á wá, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Nọ́ńbà fóònù tiyín lẹ tún máa fi síbẹ̀, torí tiwọn ò gba kóòdù lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Oníbàárà á gbàgbé lọ́la, á padà wá fi ariwo bo ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan nínú yín tiẹ̀ ti bá mi jiyàn pé iṣẹ́ àánú ni. Kí ló wá dé tí ìwé náà fi ń sùn lórí tábìlì, tí àpíréńtísì tó dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ń ṣí i? Gbájúẹ̀ tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi létà irọ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bó bá máa kọ ọ́ sílẹ̀, inú ìwé tirẹ̀ ni, kó mú un lọ sílé. Pásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú àpótí aṣọ ìyá àgbà ní Òde Rẹ́mọ kò sí ẹni tó máa jí i láti orí ayélujára.

*

Sí ẹni tó béèrè níkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ mi pé òun ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, mo fèsì síbí torí ẹ kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ wá ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́, ẹ fọwọ́ ara yín ṣí ímeèlì yín, kí ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́la. Nínú ètò ààbò, ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú àkáǹtì yín, kí ẹ lé gbogbo èyí tí ẹ kò mọ̀ jáde. Ẹ wo nọ́ńbà àti ímeèlì tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà, wọ́n lè ti fi tiwọn síbẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn kì í dé ni ètò tó ń darí létà, forwarding àti filters: bí ẹ bá rí ìlànà kan níbẹ̀ tí ẹ̀yin kò ṣe, tó ń fi létà yín ránṣẹ́ síbòmíràn tàbí tó ń fi wọ́n pamọ́, ẹ yọ ọ́. Ohun tí wọ́n fi ń pẹ́ lára èèyàn nìyẹn, pásíwọ́ọ̀dù tuntun kò sì ní lé e lọ. Bí pásíwọ́ọ̀dù kan náà bá wà níbòmíràn, ẹ yí ibẹ̀ náà padà.

Bó bá kan báńkì, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí ẹ rí nínú létà, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan lórí Facebook.

*

Wọ́n ní fífi ẹjọ́ sùn kò wúlò. Òfin wà, Cybercrimes Act ti 2015, abala 32: ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irú létà yìí tan èèyàn. Mo gbà pé ọ̀nà jìn láti inú ìwé òfin dé tẹ́sàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ "Report phishing" nínú Gmail, kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ irú létà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kàn. Ìyẹn ò ní kí ẹ má lọ bá ọlọ́pàá tówó bá ti lọ. Báńkì lè béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ yín.

Ó ku ẹni tó lẹ líǹkì létà tirẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdáhùn mi lókè, pé ká bá òun wò ó bóyá ojúlówó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, àwọn méjì sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn tẹ̀ ẹ́ kí àwọn lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Fọ́tò létà náà ni kí ẹ yà, ẹ bo orúkọ àti àdírẹ́sì yín, kí ẹ gbé fọ́tò yẹn síbí. Ẹ̀yin méjì, bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ṣí i ni, ẹ ti ojú-ewé náà pa, ẹ má sì gba ohunkóhun tó bá ní kí ẹ fi sórí fóònù yín. Bí ẹ bá tẹ pásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀, ẹ gòkè lọ ka ìdáhùn tí mo fún ẹni tó ti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ṣe é kí ẹ tó padà wá bá mi jiyàn.